Ibì Kan Ni Mò Ń Lọ

Mo lá àlá kan mọ́jú òní, ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Ṣọ́lá, ìwọ ni mò ń bá wí ní pàtàkì. N kò jẹ ẹ̀bà sùn, ibà kò ṣe mí, n kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Inú tó bí mi, inú àlá náà ló ti bí mi, títí di ìsinsìnyí kò sì tíì rọ̀ tán.

Kí n tó wọ inú àlá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lójú ayé. Ẹ mọ Títílọpẹ́ ọmọ mi. Pọ́túgà ló wà báyìí, ní ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí àwọn èèyàn ti máa ń dúró lórí pátákó tí ìgbì omi á máa gbé wọn lọ. Òun ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró. Mo rán an lọ kàwé, ó kàwé náà, iṣẹ́ tó wá yàn láàyò nìyẹn. Ó ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Ó ní a ó kọ́kọ́ wo Lísíbọ̀n, a ó wo Pọ́tò, kí a tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú tirẹ̀ létí òkun, pé oòrùn ibẹ̀ dùn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbé Iléṣà, tí ọmọ rẹ̀ ń sọ fún un pé oòrùn ibì kan dùn, kí ni kó fi dáhùn?

Mo gbà láti lọ, mo sì pa á mọ́ra. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìyá wa máa ń sọ pé ìrìn-àjò tí èèyàn kò tíì dé, kò yẹ kó jáde lẹ́nu, nítorí ẹnu ti dá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Ìyá Ṣọ́lá, ṣé o sọ fún wa nígbà tí o lọ Lọ́ńdọ̀nù? Ojú ni o ní o fẹ́ lọ yẹ̀ wò ní Ifẹ̀, kóòtù òtútù ni o wọ̀ bọ̀.

Ẹni tí mo pa á mọ́ fún jù ni ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Wúràọlá, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ajere ni ẹnu rẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sí i, ìsàlẹ̀ ló ń gbà jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀, òun ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún un láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti máa fi gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti dàgbà gan-an báyìí, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà mìíràn, èrò kan máa ń wá sí mi lọ́kàn, pé bí mo bá lọ tí mo sì padà dé, tí n kò bá a lórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́. Mo máa ń lé èrò náà sẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá ti dé ọ̀hún, n ó fi fóònù pè é. Ohun tí mo sọ fún ara mi lánàá náà nìyẹn, mo sì sùn.

Nínú àlá náà, mo wà nínú yàrá mi, mo ń di báàgì onítáyà tí Títílọpẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe ki aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, báàgì náà wúkọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Níbo là ń lọ?"

Kò yà mí lẹ́nu. Báàgì tuntun ni, kò tíì mọ ìwà ilé. Mo ní, "Ibì kan ni."

"Ibì kan tó tutù ni, àbí ibì kan tó móoru?"

"Ìwọ ṣáà yanu."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, iṣẹ́ mi ni. Bí mi ò bá mọ ibi tí à ń lọ, báwo ni màá ṣe mọ ohun tó yẹ kí n gbé?"

Mo wò ó títí. Ta ló mọ̀ bóyá Àǹtí Wúràọlá ló rán an. Mo wá kó ohun tí yóò ṣì í lọ́nà sí i nínú: súwẹ́tà, bàtà òjò, agbòòrùn kan, àdá kan. Fìlà oòrùn tí mo rà, fìlà koríko fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ní okùn abẹ́ àgbọ̀n, n kò jẹ́ kó rí i, mo fi há abíyá. Báàgì náà gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó rò ó lọ síwá sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan àdá, ó ní, "Mà, ẹ ò lọ sí oko. Ìlú olóòrùn lẹ̀ ń lọ. Fìlà wà lábẹ́ abíyá yín." Ó yí táyà rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ń pariwo lọ ní kọ́rídọ̀ pé ìlú olóòrùn ni o. Mo sáré tẹ̀ lé e kí Àǹtí Wúràọlá tó gbọ́. Ẹni tó bá ń lé báàgì ara rẹ̀ kiri nínú ilé ara rẹ̀, kò sí ohun tó tún kù tí yóò tì í lójú.

Mo lé e gba ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, ẹ̀yìnkùlé ni mo sì yọ sí. Ọ́fíìsì ìjọba kan léfòó sókè tánkì omi wa. Okùn tí a ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ọ́fíìsì gidi ni, ó ní fèrèsé, ó ní fáànù tí kì í yí, ó ní ọkùnrin tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri: Ilé-Iṣẹ́ Tó Ń Fàyè Gba Àlọ. Ohun tó bí mi nínú ni pé aṣọ mi ṣì wà lórí okùn náà, wọn kò sì bèèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó so ọ́fíìsì mọ́ ọn.

Àwọn èèyàn ti tò sísàlẹ̀ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ọ́fíìsì náà á rìn lọ sókè ilé kejì, gbogbo wa á sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìlà wa. Bí a bá ti dúró dáadáa tán, á tún padà. Obìnrin tó wà níwájú mi ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ru pátákó gígùn kan tó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Mo bi í pé kí ni. Ó ní pátákó ìlọṣọ ni, pé òun fẹ́ lọ bá àbúrò òun lọ aṣọ ní Ẹdẹ. Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ wọ ṣòkòtò pénpé tí wọ́n fi ń lúwẹ̀ẹ́, ó fi awò dúdú sójú, ó fi ìpara funfun pa imú. Ó ní ìsìnkú lòun ń lọ ní Ìkìrun. Mo kí i kú ọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tó sọ òótọ́ lórí ìlà náà, inú mi sì dùn pé àárín àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni mo wà.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n fi korobá fà mí sókè bí ẹni ń fa omi. Ọ̀gá tó jókòó sídìí tábìlì ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, wọ́n kọ ọ́ sí àyà rẹ̀. Ó de táì pupa. Ó mú òǹtẹ̀ tó fẹ́ lù fún mi dání.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ibì kan ni."

Ó yíjú wo pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ibì Kan ti kún, Mà. Àná lọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ gbéra. Ibòmíràn ló kù."

"Níbo ni Ibòmíràn wà?"

"A kì í sọ," ni ó wí.

Mo ní kó ṣáà bá mi lu òǹtẹ̀. Ó ní òun kì í lu òǹtẹ̀ sórí ohun tí kò lórúkọ. Ó wá fi ohùn ẹni tí ayé ti sú bi mí pé ṣé òótọ́ ni báàgì mi sọ, pé èmi tí mo ń gbé ìlú tí a ti ń sá ẹ̀gẹ́ sóòrùn, mo tún fẹ́ wọ bàálù lọ wo oòrùn ẹlòmíràn. N kò tíì dáhùn tí irùngbọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lágbọ̀n rẹ̀. Ìwo méjì tẹ̀ lé e. Kí n tó ṣẹ́jú, òbúkọ ló jókòó síwájú mi, táì pupa wà lọ́rùn rẹ̀.

Mo wo akọ̀wé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Àsìkò oúnjẹ rẹ̀ ló tó. Ẹ fún un ní èèpo iṣu." Mo ṣí àpamọ́wọ́ mi, èèpo iṣu wà níbẹ̀, mo fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ táì rẹ̀ dé ìdajì, ó sì jẹ òǹtẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó bá fẹ́ di òbúkọ, kó dì í, ṣùgbọ́n kí ló kan òǹtẹ̀ nínú rẹ̀?

Òbúkọ náà fi ẹnu tó kún sọ̀rọ̀. "Mà, ẹ bá mi sọ ọ́ sétí. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ti rẹ̀ mí, mo fi ẹnu kan etí rẹ̀. Pọ́túgà ti dé ètè mi tán. Ni mo bá rí yẹtí tó wà létí òbúkọ: yẹtí wúrà tó rí bí ewé, èyí tí Àǹtí Wúràọlá máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ẹnu kúrò kíá. Mo ní, "Oko ni mò ń lọ."

Òbúkọ mí kanlẹ̀. Ó fi ìwo fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ síta, ó ní kí n wọ ibẹ̀. Mo wọ ibẹ̀, ó sì tì í. Ó yẹ kí n ti figbe ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lọ wá nǹkan sí ọ́fíìsì ìjọba rí mọ̀ pé ìyẹn kéré sí ohun tí wọ́n lè ṣe.

Ìjókòó wà nínú dúrọ́ọ̀ náà, fèrèsé sì wà. Nígbà tí mo wo ìta, Lísíbọ̀n ni mo rí, bí Títílọpẹ́ ṣe fi hàn mí lójú fóònù: òkè lórí òkè, ilé olórùlé pupa, òpópónà tó ń gun òkè bí àkàbà. Inú ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń sáré lórí irin ni mo wà. Gbogbo àwọn tí a jọ tò lẹ́yìnkùlé ló wà níbẹ̀. Òbúkọ ló ń wà á, pẹ̀lú ìdajì táì lọ́rùn.

"Níbo lẹ máa bọ́ sí?" ni ó bi wá.

"Iwájú díẹ̀," ni ọkùnrin oníṣòkòtò pénpé wí.

"Ọ̀ọ́kán yẹn," ni obìnrin onípátákó wí.

"Tá a bá ti débẹ̀, màá sọ," ni èmi náà wí.

Òbúkọ ní nígbà tí kò sí ẹni tó sọ ibi tó ń bọ́ sí, òun ò ní dúró. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlú po nìyẹn. A gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò ńlá kan, a kọjá níwájú àwọn tó jókòó síta tí wọ́n ń mu kọfí nínú oòrùn, a tún gun òkè. Ìlú tí mo ti ń fi ojú inú wò láti ìgbà pípẹ́, mo débẹ̀ tán, n kò lè fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé èmi àti àwọn èèyàn mi kò fẹ́ la ẹnu. Inú bí mi dé góńgó. Mo sọ fún obìnrin onípátákó pé kó dárúkọ ibi tó ń lọ kí gbogbo wa lè rí ọ̀nà. Ó ní kí n kọ́kọ́ dárúkọ tèmi.

Ní ibi tí irin náà ti ṣẹ́ kọ́nà, ilé wa ló wà níbẹ̀, ilé wa ti Iléṣà yìí, ó dúró láàárín àwọn ilé olórùlé pupa bíi pé wọ́n jọ kọ́ wọn ni. Àǹtí Wúràọlá jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú atẹ. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọjá, atẹ náà ṣófo, ó sì gbójú sókè. Mo lóṣòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kó má baà rí mi. Nígbà tí a tún kọjá, atẹ ti dé ìdajì, irun rẹ̀ sì ti funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tún lóṣòó. Nígbà tí a tún yí débẹ̀, atẹ kún bámúbámú, kò sì sí ẹnikẹ́ni lórí àpótí.

Ẹ̀rù bà mí. N kò ní purọ́ fún yín, irú ẹ̀rù tó bà mí níbẹ̀, kò tíì bà mí lójú ayé rí. Mo dìde, mo ní kí òbúkọ dá ọkọ̀ dúró.

"Níbo, Mà?"

"Ibi àpótí yẹn."

"Àpótí kì í ṣe ibùdókọ̀," ni ó wí, ó sì gun òkè lọ.

Mo bẹ́ sílẹ̀. Etí òkun ni mo balẹ̀ sí. Àwọn ilé kéékèèké funfun wà níbẹ̀, wọ́n fi pátákó oríṣiríṣi ti ògiri, oòrùn sì ń ràn lórí gbogbo rẹ̀. Oòrùn náà dùn lóòótọ́, ọmọ mi kò purọ́. Títílọpẹ́ dúró láàárín àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́, ó ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe máa dìde. Mo pè é, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo rìn dé iwájú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wò mí kọjá bí ẹni ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó bi ìgbì omi kan tó dúró lẹ́yìn mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé màmá mi ò tíì dé?"

Ìgbì omi náà ga, àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó ń ho. Ó ní, "Kò tíì dé. Kò tíì kúrò nílé."

Mo ní, "Bàbá, èmi rèé."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló sìn yín sọ́nà?"

"Kò sẹ́ni tó sìn mí. Mo pa á mọ́ra ni."

"Ta lẹ dágbére fún?"

"Mo ní mo pa á mọ́ra."

"Ẹ ò tíì jáde nìyẹn," ni ìgbì omi wí, pẹ̀lú irú sùúrù tó máa ń bí èèyàn nínú. "Ẹni tí kò dágbére, ilé ló ṣì wà. Ẹ lọ dágbére ná, kí ẹ wá máa bọ̀."

Mo bá a jiyàn. Mo ní mo ti tò, mo ti wọ dúrọ́ọ̀, òbúkọ ti jẹ òǹtẹ̀ mi. Ó ní mo kú ìyà. Mo ní kó gbé mi padà lọ sí Iléṣà nígbà náà kí n lọ dágbére. Ó ní òun kì í kọjá etí òkun, Iléṣà kò sì létí òkun, ẹ̀bi òun kọ́. Kí n pariwo láti ibẹ̀, bóyá wọ́n á gbọ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Títílọpẹ́ ti ń kó pátákó rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé màmá òun ṣèlérí pé òun ń bọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀.

Obìnrin onípátákó, tí òun náà ti bẹ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé mi, yá mi ní pátákó rẹ̀, ó sì gbà nígbẹ̀yìn pé kì í ṣe ti ìlọṣọ. Mo gùn ún, mo dìde dúró lórí omi, mo kọjú sí ibi tí mo rò pé Iléṣà wà. Mo la ẹnu. Omi iyọ̀ ló kọ́kọ́ jáde, èèpo ẹ̀gúsí tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀ tó wá jáde.

"Àǹtí mi, Pọ́túgà ni mò ń lọ o."

Òbúkọ ké. Mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n òbúkọ kò dákẹ́. Ìyá Ṣọ́lá, òbúkọ tìrẹ ni, èyí tí o so àkísà pupa mọ́ lọ́rùn. Ó ti ojú fèrèsé ki orí bọ yàrá mi, ó sì ti jẹ fìlà oòrùn tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì dé ìdajì. Àǹtí Wúràọlá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìsùn lọ́rùn, ó di okùn fìlà náà mú, ó ń fa èyí tó kù gbà lẹ́nu rẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé mo sọ nǹkan kan lójú oorun?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni ó wí. Ẹ sì mọ̀ pé etí rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ.

Ó yọwọ́ lára òbúkọ, ó jáde lọ sí yàrá rẹ̀, ó gbé ẹrù kan wá, ó gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ̀gúsí bíbó ni, ó dì í sínú ọ̀rá lórí ọ̀rá. Mo wá rántí pé ó pẹ́ tí mo ti ń rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ń bó ẹ̀gúsí, a kò sì fi ẹ̀gúsí se ọbẹ̀ nílé. Ó ní, "Ti Títílọpẹ́ ni. Ẹni tó bá ń lọ síbì kan, kó bá mi mú un dání."

Ó ti mọ̀ tipẹ́. Ó mọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, òun tí mo pè ní ajere. Kò bi mí, nítorí ìyá kan náà ló tọ́ wa: ẹni tó ń lọ kì í sọ, ẹni tó rí i kì í bèèrè. Báyìí ni àwa méjèèjì ìbá ṣe máa wo ara wa títí n ó fi gbéra. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi, n kò mọ ẹni tó yẹ kí n bínú sí.

Mo dìde jókòó. Mo ní, "Àǹtí mi, Pọ́túgà ni mò ń lọ, lọ́dọ̀ Títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa retí mi."

"Mi ò bi ọ́, Àsàbí," ni ó wí.

Ó jókòó tì mí. Ó tún ohun tó kù nínú fìlà náà ṣe, ó gbé e lé orí ara rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n, ó sì wo ara rẹ̀ nínú dígí fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Títí sọ fún mi pé oòrùn ibẹ̀ dùn. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní òótọ́ ni. Mo ní mo débẹ̀ lóru àná, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wá dágbére fún un.